Búrẹ́dì Aláìsàn

"Ẹ gbà, ẹ fún ọmọ jẹ. Ó ṣì gbóná."

Julienne aládùúgbò na búrẹ́dì méjì sí Léonie, ìyá ọmọ náà. Bébà tí ó fi wé wọn ti rin nítorí ooru. Isidore ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó mọ búrẹ́dì náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi abẹ fa ojú wọn ní ìdájí, kí ó tó tì wọ́n sínú ààrò.

"Julienne, ọwọ́ wa lo ti rà á, o tún gbé e padà wá fún wa."

"Kí wá ni kí n ṣe, Bàbá Dorothée? Ṣé kí n lọ ra ti Philippe, oníbúrẹ́dì kejì, ni? Ẹ ó ní mo wá bú yín nínú ilé yín."

Léonie rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ní Agbonou, ènìyàn kì í lọ wo aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì ni wọ́n ń mú lọ. Ó fúyẹ́, inú rẹ̀ funfun, eyín kò ní láti ṣe wàhálà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò rí búrẹ́dì jẹ ní gbogbo ọdún á rí i jẹ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ oníbúrẹ́dì dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ènìyàn ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lójú títì, wọ́n ń gbé e gba ẹ̀yìnkùlé wá fún ọmọ.

Dorothée wà lórí ẹní. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ikùn rẹ̀ wú, apá rẹ̀ rí bí igi ìṣáná. Irun orí rẹ̀ ti pọ́n. Ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí ó sinmi. Kì í ṣeré mọ́. Kì í tilẹ̀ sunkún dáadáa. Ó kàn ń kùn bí ẹni tí ó ń bínú sí ara rẹ̀.

Àpọ̀kẹ́, ìyá Isidore, gba búrẹ́dì náà. Ó bu inú rẹ̀ tí ó rọ̀, ó rẹ ẹ́ sínú mílíìkì gbígbóná, ó jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Lanu, ìyá mi. Díẹ̀ báyìí. Nítorí tèmi."

Ọmọ náà lanu.

Isidore gbé ojú kúrò. Ó ti rí èyí rí. Laurent, àkọ́bí rẹ̀, ti dùbúlẹ̀ nínú yàrá yìí ní ọdún 1978 pẹ̀lú irú ikùn yìí. Nígbẹ̀yìn, Laurent kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ àfi lọ́wọ́ ìyá àgbà. Àpọ̀kẹ́ fi búrẹ́dì àti mílíìkì bọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́, títí ó fi kú. Gbogbo àdúgbò ni ó yin obìnrin náà. Wọ́n ní ó kéré tán, ebi kọ́ ló pa ọmọ náà. Ọdún kẹta rèé.

Nígbà tí Julienne ti lọ, Léonie wá bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Isidore, mi ò ní dúró kí n sin ìkejì."

"Kí lo fẹ́ ká ṣe?"

"Wọ́n ní dókítà obìnrin kan ti dé sí Atakpamé. Lọ́la ni a ó lọ."

Dókítà náà kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó tẹ ikùn Dorothée, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀. Ó béèrè àwọn oògùn tí wọ́n ti fún un: ti aràn, ti ibà, ti ìgbẹ́ gbuuru. Kò sí èyí tí ó ṣiṣẹ́.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìgbà tí a ti já a lẹ́nu ọmú," ni Léonie dáhùn. "Ó máa ń dín kù, ó máa ń padà. Ìgbà òjò tó kọjá, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Glei. Ara rẹ̀ dá, ó sanra. A mú un padà wálé, ó tún bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló ń jẹ ní Glei?"

"Oúnjẹ oko. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà."

"Nílé ńkọ́?"

Léonie wo ọkọ rẹ̀. "Búrẹ́dì, Dókítà. Oníbúrẹ́dì ni wá."

Dókítà náà fi bíró rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé. Ó ní ohun kan wà nínú àlìkámà, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ já nígbà tí wọ́n bá pò ó, tí ó fi ń fà bí rọ́bà. Ó ní inú àwọn ènìyàn kan kò gbà á. Ó ń bó ìfun wọn, oúnjẹ ń kọjá lára wọn láì ṣe wọ́n láǹfààní. Ó ní òun rí irú rẹ̀ nígbà tí òun ń kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Faransé, òun kò tíì rí i níbí rí. Kò dá òun lójú. Ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sí lọ́wọ́ òun.

"Ẹ dáwọ́ búrẹ́dì dúró. Àti bisikíìtì, àti màkàróní, àti ohunkóhun tó bá ní ìyẹ̀fun àlìkámà nínú. Díẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ ohun tó ń jẹ ní Glei. Tí ara rẹ̀ bá dá, a ti mọ̀ nìyẹn."

Isidore mọ fífà yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyẹ̀fun tí kò bá fà, ṣe ni ó máa ń dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

"Dókítà, ṣé ohun tí mò ń tà fún àwọn ènìyàn kò dára ni? Ṣé kí n sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́?"

"Rárá o. Èmi náà jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ara ọmọ yín ni kò gbà á."

"Òun nìkan?"

"Ó máa ń wà nínú ẹbí nígbà mìíràn. Ṣé òun ni àkọ́bí yín?"

"Òun ni ìkejì," ni Léonie wí.

"Àkọ́bí ńkọ́?"

Léonie fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ. Dókítà náà wo ọkọ, ó wo ìyàwó.

"Báwo ló ṣe kú?"

"Báyìí náà ni," ni Isidore wí.

Dókítà náà dìde. Ó fi ọwọ́ kan èjìká Léonie, ó sì pe ẹni tí ó kàn.

Tákísí wọn jáde kúrò ní ìlú. Dorothée ti sùn lórí itan ìyá rẹ̀.

"Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́," ni Léonie wí.

"Gbọ́ kí ni?"

"Ti Laurent."

Isidore ní òun ti gbọ́. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Ìyẹ̀fun wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

"Búrẹ́dì?" Àpọ̀kẹ́ pàtẹ́wọ́. "Búrẹ́dì tí àlùfáà ń jẹ, tí tíṣà ń jẹ? Kí wá ni kí aláìsàn máa jẹ? Ṣé kí n máa gún iyán fún ọmọ tí kò lè gbé orí ni?"

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá," ni Léonie wí.

"Dókítà wo? Ọmọ mélòó ló ti bí?"

"Mi ò bi í léèrè."

"Ò bá bi í. Èmi bí mẹ́jọ, mo tọ́ wọn. Ẹ lọ fi ebi pa ọmọ, kẹ́ ẹ tún wá ní ayé ló ṣe é."

Léonie wọ ilé ìdáná lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀kọ fún ọmọ, ó ń fọ ẹ̀wà kí ó tó sè é, ó ń yan iṣu. Ó ń dá búrẹ́dì àwọn àlejò padà pẹ̀lú ọpẹ́. Àwọn kan bínú. Julienne gbé tirẹ̀ lọ, ó sì sọ létí kànga pé láti ìgbà tí ìyàwó oníbúrẹ́dì ti rí dókítà ni búrẹ́dì tálákà kò tó o mọ́. Léonie gbọ́, ó gbé omi rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru náà fi dáwọ́ dúró. Ọmọ náà béèrè omi fúnra rẹ̀. Ó jókòó. Ó dìde. Lọ́jọ́ kan, ó lé adìyẹ káàkiri àgbàlá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Isidore dúró nídìí ààrò, ó ń wò ó, kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ẹ̀rù ń bà á láti yọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àìsàn náà padà.

Léonie wá gbogbo ilé. Ó yẹ ìkòkò wò, ó yẹ igbá wò. Ó bi ọmọ náà léèrè, ọmọ náà wo ilẹ̀. Isidore ni ó rí i. Ó lọ kó igi lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lórí àpótí, Dorothée láàárín orúnkún rẹ̀, abọ́ mílíìkì nílẹ̀, búrẹ́dì nínú abọ́.

"Ìyá!"

Àpọ̀kẹ́ kò fi abọ́ náà pamọ́.

"Má jágbe mọ́ mi. Ọmọ sunkún. Láràárọ̀ ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Gbogbo ayé ń wá rà á lójú rẹ̀, òun nìkan lẹ ò fún. Ṣé kí n máa wo ọmọ tó ń sunkún oúnjẹ?"

"Ó ń pa á, Ìyá."

"Kí ló ń pa á? Ọwọ́ mi?" Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. "Ọwọ́ yìí ni Laurent ti jẹun gbẹ̀yìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti sú ìwọ àti ìyàwó rẹ, ọwọ́ yìí ló gbà."

Ọ̀rọ̀ Laurent dé ẹnu Isidore. Gbólóhùn kan péré ni. Bí ó bá sọ ọ́, ìyá rẹ̀ kò ní fún ọmọ náà ní búrẹ́dì mọ́ láéláé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ̀ pé kò ní fi ọwọ́ náà gbé oúnjẹ sí ẹnu ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó gbé ọmọ náà, ó wọlé.

Dorothée kò lè dìde fún ọjọ́ mélòó kan. Léonie jókòó tì í, ó ń fi ṣíbí bu omi oníyọ̀ sí i lẹ́nu.

"Sọ fún un," ni ó wí.

"Ìwọ lo ní kí n má sọ ọ́."

"Mo ti yí ọkàn mi padà. Àgbàlagbà ti lo ayé tirẹ̀. Bó ò bá sọ ọ́ lónìí, èmi á sọ ọ́, màá sì sọ ọ́ burúkú."

Isidore jáde. Ó bá ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pa ẹ̀pà. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Onígbàgbọ́ ni Isidore. Láti ilé ìwé Fádà ni wọ́n ti rì í bọmi. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò fi ohun tí ó bá nílé baba rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú Laurent nìkan ni ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ilé baba rẹ̀ kì í jẹ òkété. Nígbà tí Isidore wà ní kékeré, ó rí i tí ó da odindi ìkòkò ọbẹ̀ nù nítorí pé wọ́n fi ṣíbí tí ó kan òkété rò ó.

"O tún wá bá mi jà?"

"Rárá, Ìyá. Tí ẹ bá jẹ òkété, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Àpọ̀kẹ́ wò ó. "Kí ló mú òkété wá? Ara mi á wú, á bó. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣèèṣì jẹ ẹ́, kò rí oṣù tó tẹ̀ lé e."

"Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Èèwọ̀ tiwọn kọ́."

Isidore mú ẹ̀pà kan, ó pa á, ó jù ú sínú igbá.

"Búrẹ́dì ni èèwọ̀ Dorothée."

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tó ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Dókítà, dókítà! Ta ló mọ ohun tí dókítà ń sọ? Èèwọ̀, mo mọ̀ ọ́n." Ó ti igbá kúrò lórí itan. "Abọ́ tí mo fi ń rẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ má fi bọ́ ọ mọ́."

"Fífọ́ ni màá fọ́ ọ."

Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró. Ọkọ̀ ẹrù kan kọjá lójú títì, ó ń lọ sí òkè. Obìnrin náà dúró títí ariwo rẹ̀ fi tán.

"Ọmọ mi. Èèwọ̀ kì í mú ọmọ kan kó fi èkejì sílẹ̀ nínú ilé kan náà."

Isidore mú ẹ̀pà mìíràn.

"Laurent ńkọ́?"

Ó ti ro gbogbo ohun tí òun yóò sọ kí ó tó jáde. Kò ro èyí. Ó gbé ojú sókè, ó rí Léonie lẹ́nu ọ̀nà. Léonie ti gbọ́. Ó mi orí rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì pé kí ó má sọ ọ́.

"Ti Laurent yàtọ̀, Ìyá. Ibà ni."

"Ibà."

"Ibà ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Àpọ̀kẹ́ wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó yí i sí òkè, ó yí i sí ilẹ̀, ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìró.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí.

Kò pa ẹ̀pà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ara Dorothée dá díẹ̀díẹ̀. Bí àlejò bá gbé búrẹ́dì wá, Àpọ̀kẹ́ ni ó ń pàdé wọn lójú ọ̀nà tí ó ń dá wọn padà, Julienne sì gba tirẹ̀ láì jiyàn, nítorí èèwọ̀ kò ní àríyànjiyàn. Isidore ṣì ń yan búrẹ́dì. Ìlú ṣì ń jẹ ẹ́.

Ní àárọ̀ kan, ọmọ náà gbé abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ lọ bá ìyá àgbà, ó jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró dè é.

"Gbé e fún bàbá rẹ," ni Àpọ̀kẹ́ wí. "Ọwọ́ ń dùn mí."

Isidore fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un fọ̀. Ó gba abọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọmọ, ìyá rẹ̀ sì kọjú sí ògiri títí ẹ̀kọ náà fi tán.