Jẹ́sì Mọ́kànlá

Láti àárọ̀ ni ara aránṣọ kan ò ti balẹ̀. Ayọ̀ ni o. Ní ọ̀la, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn obìnrin àdúgbò wọn máa gbá àṣekágbá, òun gan-an ló sì máa ṣọ́lé. Bó ṣe ń rán aṣọ ìyàwó tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ló ń fò sọ́tùn-ún sósì lórí àga bí ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù. Aṣọ ìyàwó yìí ni kò jẹ́ kó lè lọ sọ́jà fúnra rẹ̀, ló ṣe rán ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, jẹ́sì mọ́kànlá. Àwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ ni kí ẹ mú. Kí ẹ ra fẹ́ẹ̀sì-káàpù kan mọ́ ọn, kí oòrùn má fọ́ mi lójú."

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ, wọ́n ti gbé aṣọ ìyàwó lọ kó tó dé, ó gbé ẹrù ńlá lé èjìká, fìlà wà lórí rẹ̀. Onídìrí tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ti ń dúró dè é. Òun ló fi ìkánjú tú ẹrù. Aṣọ ló ń jáde, tó ń jáde, gbọọrọ, ó pọ́n bí ọsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wù dà?" ló figbe ta.

"Ẹ̀wù wo?" ni káfíńtà wí. "Mo ní kí aláṣọ fún mi ní jẹ́sì mọ́kànlá. Ó ní ṣé yáàdì mọ́kànlá ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Onídìrí káwọ́ lérí. Aránṣọ fẹ́ bínú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ náà. Ó fà á, ó nà; ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà sípò. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò kúkú jẹ̀bi! Jẹ́sì lorúkọ aṣọ yìí náà. Wọ́n hun ún bíi ti sínglẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn ló fi ń nà. Ara irú aṣọ yìí ni ẹ̀wù eléré ti gba orúkọ. Yáàdì kan á tó ẹ̀wù kan tá a bá gé apá rẹ̀ kúrú. Ẹ bá mi mú sísọ́ọ̀sì wá!"

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ń wọ̀n, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì bí ẹni tó fẹ́ la pákó. Onídìrí ń gé. Ṣùgbọ́n nígbà tí maṣíìnì gbéra, abẹ́rẹ́ ń fo ojú rírán. Aránṣọ yọ ọ́, ó fi èyí tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó sí i, tí kì í já òwú aṣọ tó ń nà. Ó yí ojú rírán sí sígísáàgì, kí ojú rẹ̀ lè máa nà pẹ̀lú aṣọ. Ni maṣíìnì bá ń sáré geere! Gbogbo wọn hó yèè.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ pápá bí iná tó ń jó. Àwọn alátakò tó wọ ẹ̀wù tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ń wò wọ́n ṣùn-ùn. Eré le. Ẹ̀ẹ̀mejì ni aránṣọ fi àyà gba bọ́ọ̀lù, tó ṣubú lulẹ̀ gbì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí, onídìrí já bọ́ọ̀lù gbà, ó di eré. Obìnrin gìrìwò kan gbá ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. Aṣọ nà, ó nà, ó nà bí rọ́bà, onídìrí ò dúró. Ọwọ́ obìnrin gìrìwò náà yọ̀, ó fi ìdí jókòó. Gbàà! Bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.

Aránṣọ fi ojú ilé sílẹ̀, ó sáré la pápá já, ó ń ké bí ọmọdé. Fèrè dún kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Káfíńtà ti fo ọgbà wọlé, ó ń jó láàárín àwọn obìnrin.

"Ìyá Ìbejì!" ló ń pariwo. "Ṣé mo mọ jẹ́sì rà àbí mi ò mọ̀ ọ́n rà?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n rà!" ni gbogbo wọn dáhùn, wọ́n sì gbé e sókè.