Búrẹ́dì Inú Àpò Aláago

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri, pé Ẹ̀mí bà lé Ìyá Alágbàfọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n parí ìsọjí, pé mo jó, mo yí bírí, mo tún sọ àsọtẹ́lẹ̀. Èmi tí mi ò pàtẹ́wọ́ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi débẹ̀ lọ́mọ ọwọ́! Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Aláago. Aago ọwọ́ àti aago ògiri ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, tó jẹ́ pé bí oníbàárà méjì bá wọlé, ọ̀kan ní láti fa ikùn wọlé kí èkejì tó lè yísẹ̀ padà. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, òun náà ló ń fa okùn aago ìjọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkọ tèmi náà ti kú, la bá kó ara wa jọ sínú yàrá méjì tí bàbá wa fi sílẹ̀. Èmi ni mò ń fọ aṣọ funfun àwọn akọrin àti ti Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, tí mò ń lọ̀ ọ́ títí á fi gún régé. Ẹnu mi mú, mo gbà. Àbúrò mi ní tirẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni, èèrà ò lè kú lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ló ń bá a fínra. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí màá ṣe máa gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀, torí ọwọ́ yẹn tó ń mú irin aago tín-ín-tìn-ìn sípò, ṣe ló ń gbọ̀n tó bá di pé kó gún ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ gbọ́ dáadáa o. Tí abẹ́rẹ́ yìí bá ti wọlé, oúnjẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Tí kò bá jẹun, ṣúgà ara ẹ̀ á já wálẹ̀, á sì ṣubú. Tí ẹ ò bá tètè fi nǹkan dídùn pa á lẹ́nu, ó lè má dìde mọ́." Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra ìgò oyin kékeré kan sínú báàgì mi. Láti ìgbà náà, ibi tí mo bá wà ni báàgì yẹn ń wà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè mọ ohun tó ń jẹ àbúrò mi lọ́kàn, àfi kí n mú yín padà sí ìgbà tí bàbá wa wà lọ́dọ̀ọ́. Nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ju ká dìde, ká jókòó, ká ka àdúrà látinú ìwé, kí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láàárọ̀ kùtù nínú yàrá tí àlùfáà ti ń wọṣọ, wọ́n ń gbàdúrà tàwọn láìwo ìwé. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìsìn ń lọ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn lọgun, ó ṣubú, ó ń ké pé òun jí òòlù ọ̀gá òun. Ló bá di ohun tó ń ràn. Káfíńtà gbé ayùn aláyùn padà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọn ò kí ara wọn mọ́ dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Ilé ọtí tó wà ní ìkángun títì ò rí oníbàárà mọ́, ó kógbá sílé. Bàbá wa, tó jẹ́ pé òun ló ń fa okùn aago nígbà yẹn, ṣubú sábẹ́ okùn náà. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kan wọ òun láyà, kò sì jáde mọ́ títí ó fi kú. Mo gbà á gbọ́, torí mi ò rí bàbá mi kó bínú sùn lọ́jọ́ kan.

Fíkà ayé ìgbà yẹn ní wèrè ló mú wọn. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún lọ pe ọlọ́pàá. Ìdajì ìjọ bá bínú lọ, wọ́n gba ilé ìkẹ́rùsí kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ títí dòní olónìí. Bàbá wa ò lọ, ó ní òun ò lè fi aago òun sílẹ̀. Látìgbà náà, kò sí Fíkà kan tó dé ibí tí kò bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé òun ló pa iná Ẹ̀mí. Bí ewúrẹ́ bá kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, Fíkà ò ní lé e.

Nígbà tí bàbá wa wà lórí àìsàn tó pa á, ó bi àbúrò mi léèrè, "Ọmọ mi, ṣé ó ti bà lé ọ?" Àbúrò mi ní rárá. Bàbá mí kanlẹ̀, ó kọjú sógiri. Kò bi èmi o, ó mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mímí kanlẹ̀ yẹn ni àbúrò mi gbé lọ́rùn láti ọjọ́ náà, ó sì ti dàgbà, ó ti hewú, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ wá wò ó nígbà tí ìsọjí tún dé, tí wọ́n pe oníwàásù àlejò, tí wọ́n kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Télọ̀ ṣubú, tíṣà ṣubú, ọlọ́pàá kan tó kàn wá wòran náà ṣubú. Àbúrò mi dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn rẹ̀. Á wálé nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀ á pọ́n kuku.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe mí gan-an? Ṣé igi ni mí ni?"

"Igi ilé ta ni? Jókòó jàre, kí o jẹun."

Oníwàásù yẹn kì í ṣe ẹni burúkú, kí n sọ tòótọ́. Ó dúró lórí àga ìwàásù, ó ní aláìsàn ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Àbúrò mi náà ṣèlérí fún mi pé òun ò ní gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn, mo gún un lábẹ́rẹ́ tán, mo gbé tíì àti búrẹ́dì síwájú ẹ̀, mo wọ yàrá kejì lọ láti lọ aṣọ akọrin. Nígbà tí mo padà, àwo ti mọ́ féfé. Mo tiẹ̀ yìn ín, mo ní, "Ọmọ dáadáa."

Òfin méjì ni wọ́n ṣe fún ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà orí tábìlì ìta ni gbogbo báàgì máa wà. Tí àdúrà bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn di títì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, kò gbọdọ̀ jáde, àfi ẹni tí Ẹ̀mí bá ń gbé. Wọ́n ní a kì í dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Olùṣọ́nà, ọkùnrin kan báyìí tí àyà ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn tó ń ṣọ́, na ọwọ́ sí báàgì mi. Mo bá a jiyàn díẹ̀. Mo wá rántí pé àbúrò mi ti jẹun, mo bá yọ̀ǹda ẹ̀.

Àdúrà ń gbóná nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan dún gbì lábẹ́ okùn aago. Mo bojú wẹ̀yìn, àbúrò mi ti wà nílẹ̀, ó ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ní ibi tí bàbá wa ṣubú sí gẹ́lẹ́. Gbogbo ìjọ hó yèè. Wọ́n sáré yí i ká, wọ́n ń kọrin, àwọn àgbà tó mọ bàbá wa ń sunkún ayọ̀. Kí n má parọ́, inú èmi náà dùn. Mo ní, Olúwa, o ṣé, o dá a lóhùn nígbẹ̀yìn.

Àfi bí búrẹ́dì ṣe yọ látinú àpò kóòtù rẹ̀, tó yí gbirigbiri wá sí ẹsẹ̀ mi. Búrẹ́dì tí mo fọwọ́ ara mi gé láàárọ̀ ni, kò fẹnu kàn án.

Yéè! Èmi ni mo gún un lábẹ́rẹ́, ọwọ́ mi yìí náà ni! Mo já wọ àárín wọn, mo ké pé, "Ẹ ṣí lọ́nà, àìsàn ni! Ẹ fún mi lóyin!" Ìyá kan na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Halelúyà, ó ti bà lé ẹ̀gbọ́n náà!" Mo ké sí i. Bí mo ṣe ń ké ni wọ́n ń gbè é lórin. Mo sáré lọ bá Fíkà níbi tó jókòó sí, mo di ẹsẹ̀ aṣọ funfun tí mo fọ̀ fún un mú. "Fíkà, ẹ dá wọn lẹ́kun, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ń kú lọ!" Ó wo ìjọ, ó wo oníwàásù. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù, ẹ má jẹ́ ká dá iṣẹ́ Olúwa dúró." Mi ò tíì rí ọkùnrin tí ẹ̀rù bà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Olùṣọ́nà gbá mi mú lápá.

"Báàgì mi! Oyin wà nínú ẹ̀, tí mi ò bá fi sí i lẹ́nu báyìí, á kú!"

"Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ padà sínú. Ẹ gba Olúwa gbọ́."

"Ọmọ yìí, mo bẹ̀ ọ́, mo fi ìyá tó bí ọ bẹ̀ ọ́."

Ó mi orí. Mo wẹ̀yìn, mo rí ojú àbúrò mi láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ojú náà là sílẹ̀, ó dojú kọ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó ń rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń dẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, mo sì rí ohun kan: ilẹ̀kùn yẹn ò ní ṣí fún Ìyá Alágbàfọ̀ láé, àfi fún ẹni tí Ẹ̀mí bá ń gbé.

Ni mo bá já gèlè mi dànù. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi igbe ta, mo gbọn èjìká, mo yí bírí, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, orúnkún tó ń dùn mí láti ọdún mélòó kan ń ké kọ́ọ́, mo ṣì ń yí. Ojú ń tì mí, omijé ń dà lójú mi, ẹ̀rù ń bà mí pé Ọlọ́run á bínú. Mo jó lọ bá ọkùnrin náà tààrà. Ló bá fà sẹ́yìn, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Mo jó jáde, mo gbá báàgì mi mú, mo jó wọlé padà, ọ̀nà là fún mi láàárín èrò títí mo fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi.

Mo wólẹ̀. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, mo tọ́ oyin sí ìka, mo ń fi pa á nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, díẹ̀díẹ̀. "Má lọ o. Má fi èmi nìkan sílẹ̀ o." Orin ń lọ lórí wa. Ìgò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ètè rẹ̀ tó mira. Ó gbé itọ́ mì. Ó ṣẹ́jú.

Wọ́n dá orin dúró. Oníwàásù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Arákùnrin, kí lo rí?" Àbúrò mi ò wò ó. Èmi ló ń fojú wá kiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ohùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ṣé ó bà lé mi?"

Gbogbo wọn wá ń wo ẹnu mi. Tí mo bá ní rárá, mímí kanlẹ̀ bàbá wa á padà wá bá a, èyí sì lè pa á. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á rò pé ààwẹ̀ ló ṣe é, á tún gbà á lọ́la, màá sì sin ín lọ́túnla. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí ọkàn mi ṣe rí lákòókò yẹn.

"Ó bà lé ọ," mo ní. Ariwo sọ. Mo gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. "Ó sì rán mi sí ọ. Ó ní kí o jẹun. Ó ní o ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ."

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ dá a lóhùn. Fíkà gan-an ló ké e sókè jù, aláìnítìjú. Mo mú búrẹ́dì yẹn nílẹ̀, mo nù ún mọ́ aṣọ mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gé e jẹ. Wọ́n tún gbé orin mìíràn, wọ́n yí padà sí iwájú pẹpẹ, ó wá ku àwa méjì lábẹ́ okùn.

Ó fọwọ́ fà mí mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ irọ́ pa láti kékeré."

Mo fi etí aṣọ mi nu òógùn ojú rẹ̀.

"Kò sí ohun tó bà lé mi," ó ní. Omijé ń bọ́ sórí búrẹ́dì náà. "Òkùnkùn lásán ni. Mo wá ìmọ́lẹ̀ bàbá títí, mi ò rí i."

"Dákẹ́. Jẹun."

"Ẹ̀yin ni mo rí kẹ́yìn kí ojú mi tó ṣú. Ẹ ń jó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin!" Ó gé búrẹ́dì náà jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọra ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, ẹ po tíì fún mi. Búrẹ́dì yìí ti le."