Ewé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Fáníìṣì Kùn

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í yá ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí pé wọ́n jù mí lọ ni mo ṣe ń pè wọ́n ní "wọn". Kì í ṣe tìtorí ọpọlọ. Iṣẹ́ àga kíkùn ni bàbá wa fi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbà pé kò sí ohun tí fáníìṣì ò lè tún ṣe láyé. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n á kọ́kọ́ wá.

Kí ìyá wa tó kú, wọ́n gbin igi ọsàn kan sínú korobá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Ọdún yìí ló kọ́kọ́ yọ òdòdó. Mo fẹ́ jẹ ọsàn tí ìyá mi gbìn, ẹyọ kan péré. Ohun tó wà lọ́kàn mi ò ju ìyẹn lọ.

Ìgbà tí mo fi máa ti ìrìn àjò dé, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé igi náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tí oòrùn kì í dé. Wọ́n ti fi fáníìṣì kun gbogbo ewé rẹ̀, tojú tẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí igi màmá?"

"Eruku ti bo ewé ẹ̀. Wò ó bó ṣe ń dán. Àwọn oníbàárà ń bi mí pé ṣé ike ni."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an.

Mo ní, "Ewé ni ilé ìdáná igi, oòrùn niná tó fi ń sebẹ̀. Gbòǹgbò á pọnmi wá, ewé á fa afẹ́fẹ́ wọlé láti àwọn ihò wínníwínní ẹ̀yìn ẹ̀, á wá sè é pọ̀ di ṣúgà tí igi ń jẹ. Ẹ ti gbé e kúrò nídìí iná, ẹ tún dí gbogbo ihò. Kí ló fẹ́ máa jẹ?"

"Ilẹ̀ ló ń jẹ. Mo ti da ajílẹ̀ sí i."

"Tíṣà kan náà ló kọ́ wa."

"Tíṣà yẹn ò mọṣẹ́ ọwọ́."

Mo gbé igi mi padà sídìí fèrèsé. Mo fi ọṣẹ àti àkísà nù ún títí, fáníìṣì ò gbọ́. Kẹrosíìnì lè bó o, òun náà ló sì máa pa igi náà. Oòrùn ń ràn sí i lára láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu, kí ni yóò fi oúnjẹ ṣe? Òdòdó ló kọ́kọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ewé ń já bọ́ níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, mo fi èékánná ha ara igi náà, ó ti gbẹ dé inú. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi bá mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n he ewé kan nílẹ̀, wọ́n fi ṣòkòtò wọn nù ún, wọ́n sì gbé e sókè sínú oòrùn. Wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ màmá ti wá dùn wọ́n.

"Ṣé o rí i," ni wọ́n wí, "ó kú lóòótọ́, àmọ́ fáníìṣì mi ò bó."

Wọ́n ki ewé náà bọ àpò, wọ́n ní àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ rí i.