Ẹ Jẹ́ Ká Gbàdúrà Ná

Orin àárọ̀ ò tíì parí tí ọmọbìnrin náà fi ṣubú lulẹ̀ gbì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí sókè, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù figbe ta, wọ́n fọ́n ká.

"Ẹ gbé e sínú mọ́tò!" Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Ìyá ọ̀gá náà ló dá a dúró. Ìyá yìí ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Màmá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti kúnlẹ̀ ti ọmọ náà, ó ti gbé ọwọ́ lé e níwájú orí.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná."

"Màámi, ilé-ìwòsàn ò jìnnà..."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi? Mo ní ká gbàdúrà."

Ọ̀gá yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Ta ní í bá Màmá jiyàn? Nínú pálọ̀ rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tán tí ilé dá páropáro. Ó tẹ́ ẹní, ó kọ "Olúwa Ni Olùkọ́ Wa" sára pátákó kan, ó sì kó ìwọ̀nba ọmọ àdúgbò jọ. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ilé-ẹ̀kọ́ ìdí àga. Àfi ọjọ́ tí gìrì mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Màmá gbàdúrà, ọmọ dìde, ó ní òun fẹ́ mu omi. Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn ti gba gbogbo àdúgbò kan. Sáà tó tẹ̀ lé e, pálọ̀ ò gba àwọn ọmọ mọ́. Ìjọ fún un nílẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dìde. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó dìde yẹn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì.

Wọ́n gbàdúrà. Àwọn olùkọ́ ń lọgun, àwọn ọmọ ń ké àmín. Nígbà tó yá, ara tó ń gbọ̀n rọlẹ̀, ìka tó dì tú.

"Ẹ ò rí i?" ni Màmá wí, ó sì dá orin ọpẹ́.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fi etí lé àyà ọmọ náà. Nígbà tó gbórí sókè, orin kú mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

Ní ilé-ìwòsàn, dókítà ò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Kí lẹ ń ṣe látàárọ̀?" Màmá rántí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò sẹ́ni tó lè ṣà á jọ mọ́.

Bàbá ọmọ náà, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, dé tòun taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ọ̀gá ò lè wò ó lójú. Màmá dìde, ó ń retí èpè, ó ń retí ìgbájú.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Wọ́n ti sọ fún mi, Màmá. Wọ́n ní ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ ò fi í sílẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni, ta ni ì bá gbàdúrà fún un?" Ó nu imú. "Tá a bá sin ín tán, àbúrò rẹ̀ á máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọwọ́ yín náà ni mo fi í sí."

Ọ̀gá yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ń dúró de ohun tó máa sọ.

Màmá la ẹnu. Àmín ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sí ohun tó rọrùn tó o. Ó wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà nílẹ̀ níbẹ̀, ó sì yé e pé ẹni yìí ò ní ṣépè fún òun láéláé, àfi bí òun fúnra òun bá kọ́ ọ.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Jókòó, kí n sọ ohun tí wọn ò sọ fún ọ."