Ife Turin àti Ihò Olómi

Nígbà tí lẹ́tà dé sí abúlé Thornlaw pé kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn wá sí Turin, ní ilẹ̀ Ítálì, kí wọ́n wá bá àwọn ará Jámánì àti àwọn onílé du ife ẹ̀yẹ, àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ta ló gbọ́ orúkọ Thornlaw rí? Èédú ni wọ́n ń gé lábẹ́ ilẹ̀ Durham, ọ̀sán Sátidé nìkan ni wọ́n sì ń rí àyè gbá bọ́ọ̀lù. Wọn kì í gbowó lórí rẹ̀. Òfin ìdíje náà ni pé ẹni tó bá ti gba tọ́rọ́ rí nítorí bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọ pápá. Àwọn olówó ló ṣòfin yẹn, kò sì ṣòro fún olówó láti pa á mọ́.

Inú Sẹ́tì Raine, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, dùn dẹ́yìn, títí ó fi ka ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà náà. Ọjọ́ àṣekágbá ni ọjọ́ kèké.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn tó ń gé èédú máa ń ṣẹ́ kèké láti mọ ibi tí kálukú yóò ti ṣiṣẹ́. Méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é, àwọn méjèèjì ló sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ fìlà tí wọ́n ń kó kèké sí. Bí ẹnì kan kò bá wá, wọn ò ní ṣẹ́ kèké fún wọn rárá. Ibi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ni wọ́n á jù wọ́n sí. Ihò olómi ni ibẹ̀. Àjà rẹ̀ kò ga ju tábìlì lọ, inú omi ni èèyàn sì ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí gé èédú. Nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù náà, Sẹ́tì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, torí òkè ilẹ̀ tàbí kòtò mìíràn ni àwọn yòókù ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹnìkejì rẹ̀ ni Kálébù Hetherington, ẹni àádọ́ta ọdún, tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Láti ìgbà òtútù ni àyà ti ń dun Kálébù. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó jìnnà sí omi.

Sẹ́tì lọ bá a nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lọ mọ́."

"Ṣé orí ẹ pé? Ìwọ tí o ò tíì kọjá Newcastle rí!"

"Newcastle ọ̀hún gan-an," Dọ́kásì ìyàwó Kálébù dá sí i, "ṣebí ó sọnù níbẹ̀."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ihò olómi ni wọ́n á fún wa. Àfi tẹ́ ẹ bá lọ bá Ebenezer Tulip. Ẹnìkejì ẹ̀ ti lọ sí Kánádà, ó ń wá èèyàn. Ẹ bá a ṣẹ́ kèké. Tí mo bá dé, màá wá ẹlòmíì."

Kálébù tẹjú mọ́ iná. "Ó dáa. Màá bá Tulip ṣe é. Lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹ."

"Òótọ́?"

"Wo ọmọ yìí! Ìgbà wo lo gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí?"

Lóòótọ́, ogún ọdún ni Kálébù ti ń dárin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ọkàn Sẹ́tì balẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ní Turin, wọ́n bu wáìnì pupa fún wọn. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì inú ẹgbẹ́ náà, tí kì í mutí, dojú ife dé, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní tíì. Wọ́n na àwọn ará Jámánì, wọ́n sì na àwọn onílé níbi àṣekágbá. Bí wọ́n ṣe ń gbé ife sókè, Sẹ́tì ń rò ó pé Kálébù á ti bá Tulip ki ọwọ́ bọ fìlà. Ó gbàdúrà pé kí ibi gbígbẹ bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọn onífèrè kún ibùdókọ̀, wọ́n gbé Sẹ́tì lé èjìká. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí Kálébù. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé rẹ̀.

Dọ́kásì ń sá aṣọ iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ ìfọṣọ. Omi dúdú ń kán tó tó tó lára ṣòkòtò náà.

"Ṣé ihò olómi ló bọ́ sọ́wọ́ Tulip ni?"

"Tulip wà níbi gbígbẹ, òun àti ọmọ àbúrò ẹ̀."

"Ṣebí ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé..."

"Ó sọ fún ẹ." Dọ́kásì fún aṣọ náà. "Ọdún mẹ́tàlélógún tó ti fẹ́ mi, irọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn."

Sẹ́tì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún. Ibẹ̀ ni Kálébù bá a, tòun ti èédú lójú, omi sì rin ín dé ọrùn.

"Mélòó sí mélòó?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ..."

"Mo bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Méjì sí òdo. Èmi ni mo forí kan èkejì wọlé."

Kálébù bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́. "Ká ní mo fi ẹ́ sílẹ̀, àjèjì wo ni wọn ì bá fi tì ẹ́ níbẹ̀? Àjà ihò yẹn ń ké. Ẹni tí ò mọ bí o ṣe ń mí, ṣé á mọ̀ tó bá fẹ́ já lé ẹ lórí?" Ó nu ojú. "Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mi ò mọ òpònú tó da tibẹ̀ yẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì rá wọ inú ihò náà. Apá kan ga díẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ gbẹ. Apá kejì ni omi wà. Kálébù ń lọ síbẹ̀, Sẹ́tì fà á lẹ́sẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú omi. Òtútù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí lẹ́nu rẹ̀.

"Àyè mi nìyẹn o!"

"Wọ́n ti pààrọ̀ yín. Ẹ lọ gbá ẹ̀yìn."

Kálébù rá lọ sí apá tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Góòlù kejì yẹn, bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹ."

Sẹ́tì gbé irin sókè, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gé èédú níbẹ̀, Kálébù kò sì tún fi ẹ̀gbẹ́ kan omi mọ́.