Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ẹnu Wà

Mo ti tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ náà ń sáré lọ. Kì í ṣe pé mo jókòó sínú rẹ̀ o. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo nà gbalaja sí, mo dojú kọ afẹ́fẹ́, mo di ṣíbí ìjẹun mú bíi sípánà, ọkọ̀ ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, kò sì sí ẹnikẹ́ni nídìí ìtọ́kọ̀. Kí a tó dé ìsàlẹ̀, mo ti tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti sá a sóòrùn, mo ti tò ó padà. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ń sùn. Nígbà tí wọ́n jí, ẹjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rò ni pé ọkọ̀ náà ti ń rọ̀ jù, pé wọn ò mọ ìgbà tí oorun gbé wọn lọ.

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi ìyàwó mi. Àmọ́ ìyàwó mi kò sí nílé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Gbogboǹṣe ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Èmi kọ́ ni mo fún ara mi lórúkọ yẹn. Mo kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin wa ló bímọ ní ìlú tó jìnnà díẹ̀ sí tiwa, ìyá rẹ̀ sì ní láti lọ bá a tọ́jú ọmọ. Èmi ni mo fi ọkọ̀ wa gbé e lọ. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ó dàgbà débi pé kí n tó ṣáná sí i láàárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ kí i pé ẹ káàárọ̀. Ó gbé wa dé ọ̀hún láìjanpata, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi nìkan ń padà bọ̀, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, èéfín funfun yọ nídìí rẹ̀, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ká aṣọ sórí, mo gbé e rù, mo rù ú délé. Télọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ní òun rí mi tí mò ń tì í, tí ahọ́n mi yọ síta bíi ti ajá. Ojú télọ̀ yẹn kò dára. Ẹ sáà wo aṣọ tó ń rán.

Ìyàwó mi kò lè wọ bọ́ọ̀sì. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́, àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ga lójú rẹ̀ bí àjà. Àdéhùn wa ni pé bí ọmọ bá ti lè gbé ọrùn dúró, n ó fi ọkọ̀ wa wá gbé e. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ti kun yàrá kan fún un, ó ti ta kọ́tìnnì sí i, ojoojúmọ́ ló sì ń bi í pé kí ló fẹ́ padà wá ṣe nílé tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe ọkùnrin kan àti ariwo ẹnu rẹ̀. Ó wá bá èmi náà sọ ọ́ lórí fóònù, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́.

"Bàbá, bí ẹ ò bá tíì wá gbé wọn kí oṣù yìí tó parí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa wà o. Wọn ò ní padà mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn, ọwọ́ òsì ni n ó fi tún un ṣe, n ó sì máa fi ọ̀tún fá irùngbọ̀n. Mo pa fóònù. Ẹ̀rín náà kò bá mi dé yàrá.

Mẹkáníìkì tó wà ní ìkòríta wá bá mi, ó ní kí òun bá mi wò ó. Mo lé e padà. Mo ti pariwo fún gbogbo àdúgbò pé ọwọ́ mẹkáníìkì kankan kò ní kan ọkọ̀ yìí láyé. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti tu síta, báwo ló ṣe fẹ́ gbé e mì padà?

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kò ju pé gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ti jó, omi sì ń kó sínú ọ́ìlì. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ funfun bí omi ọṣẹ. Iṣẹ́ náà kò le lẹ́nu: tú orí rẹ̀, yọ gáskẹ́ẹ̀tì, fi tuntun sí i, dè é padà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bóòtù kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì náà tí ẹni tó fi í síbẹ̀ kò lójú àánú. Ojú ò rí i, sípánà ò wọ̀ ọ́, ìka mẹ́ta péré ló lè dé ibẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì gbọ́ ara wọn yé. Mo fi àárọ̀ kan gbáko bá a jà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo bú ìyá tó bí i. Nígbà tó sì gbà láti tú, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo gbọ́ kọ́ń, mo gbọ́ kẹ́ń, n ò gbọ́ kó balẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bóòtù yẹn ṣì ń já bọ̀.

Mo kó àwọn tó kù wọlé kí òjò má baà pa wọ́n. Bóòtù kéékèèké wà nínú abọ́ ìyàwó mi, púlọ́ọ̀gì wà nínú ife, kabúrétọ̀ sì jókòó sórí àga tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ilé wá kún. Bí mo bá ń jẹun, gbogbo wọn á máa wò mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bi kabúrétọ̀ bóyá iyọ̀ tó sínú oúnjẹ mi. Kò dáhùn. Ìyàwó mi náà kì í dáhùn bí mo bá ń ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀, mo máa ń mọ̀ pé ó ti gbọ́.

Àárín gbùngbùn bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sùn sí, kí n má baà mọ ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo. Bí mo bá sì wà lábẹ́ ọkọ̀ lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń rí láti abẹ́ géètì: bàtà ọmọ ilé-ìwé, bàtà ẹni tó ń kánjú, ẹsẹ̀ ajá. Bí mo bá rí ẹsẹ̀ kan tó ń rọra gbé ara rẹ̀, n ó dá sípánà dúró. Ẹsẹ̀ náà á kọjá lọ.

Mo de orí ẹ́ńjìnnì padà. Wọ́n ní àárín ni a ti í bẹ̀rẹ̀ sí í de bóòtù wọ̀nyẹn, kí a máa ti ibẹ̀ bọ̀ wá sí etí díẹ̀díẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó sún mọ́ mi jù, nítorí mo jẹ́ ẹni tó mọyì aládùúgbò. Mo dè é débi pé bí mo bá tún fi díẹ̀ kún un, ayé ì bá há, kò ní lè yí mọ́. Mo ṣáná. Ẹ́ńjìnnì náà jí, ó sọ gbólóhùn kan, omi tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan bí ẹni tó ń fi ojú kan sunkún, ó sì dákẹ́. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ti ká bí etí ìwé. Mo tú u, mo wá òmíràn, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyẹn náà ká ni ìyàwó mi pè. Ó béèrè mi, ó béèrè ilé, ó wá ní ọkọ̀ ńkọ́. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ní ọkọ̀ ti jí, mo ní ó ń dún débi pé mo ní láti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti dákẹ́, mo ní àwọn ẹyẹ ti kó kúrò lórí igi nítorí rẹ̀. Ó ní:

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ, Bàbá wọn."

Kí ni ǹ bá ṣe? Mo gbé fóònù sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti orí bọ̀ ọ́, mo pa ètè pọ̀, mo sì fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn. Bùrùrùrùrù. Irin inú ibẹ̀ gba ohùn mi, ó sọ ọ́ di ńlá. Ó dùn mọ́ èmi fúnra mi. Ìgbà tó sì ti dùn mọ́ mi, ta ló máa dá mi dúró? Mo fi sí jíà kìíní, mo fi sí ìkejì, mo ń gun òkè lọ, nígbà tí n ó fi dé jíà kẹrin, omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo gbé fóònù, mo bi í bóyá ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́. Ó ní ibo ni mo gbé e dé? Mo ní mo kàn fi yí àgbàlá po ni. Àgbàlá wa rèé, adìyẹ tó bá wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ló fi ń jáde. Ó ní ó dáa, ó ní ẹ kú iṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò pè. Kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè mi mọ́; ẹ́ńjìnnì ló ń béèrè. Ó ní ọmọ ọwọ́ náà máa ń dààmú wọn bí oorun bá ń kùn ún, àmọ́ bí òun bá ti gbé fóònù sí i létí, tó gbọ́ ọkọ̀ bàbá ìyá rẹ̀, á dákẹ́, á sùn. Nítorí náà ni mo ṣe ń wà á. Mo wà á títí ètè mi fi wú bíi bọ́ọ̀lù. Bí a bá ní ká wọn ìrìn tí mo fi ẹnu rìn, mo ti yí ayé po, mo ti padà síbi tí mo ti gbéra, mo sì ti yà fún ara mi lọ́nà.

Télọ̀ yọrí lókè ògiri lọ́jọ́ kan. "Gbogboǹṣe, ṣé ewúrẹ́ yín ló fẹ́ bímọ ni?"

Mo ní ẹ́ńjìnnì ni. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wò mí, ó wo itọ́ tó wà lágbọ̀n mi. Ó ní kí n máa fi ọ́ìlì sí i dáadáa, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ọmọ bá ti sùn, ìyàwó mi á rọra pa fóònù kí ó má baà jí i. Èmi á ṣì wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní jíà kẹta, n ò ní mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan létí fóònù mọ́. Ìgbà tí mo bá gbórí sókè ni n ó rí i pé ilẹ̀ ti ń ṣú, àti pé èmi nìkan ni mo ti ń dún.

Oṣù ń parí lọ. Mo pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, ó ká. Mo tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún ká. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, nítorí mo rò pé bí ọkọ̀ bá rí i pé mo ti múra, ojú á tì í. Mo jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Tẹ́kẹ́. Mo tún yí i. Tẹ́. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Bátìrì náà ti lọ. Mo di ìtọ́kọ̀ mú, mò ń wo ògiri bí ẹni tó ń wo ọ̀nà tó jìn. Ó pẹ́ kí n tó mú fóònù jáde pé kí n pe ọmọ wa, kí n sọ fún un pé kó máa bá mi tọ́jú ìyá rẹ̀. Bí mo ṣe ń wá nọ́ńbà rẹ̀ ni fóònù dún lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ni.

Ó bi mí pé ṣé mo ti gbéra.

Òótọ́ ló wà lẹ́nu mi, mo búra. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wọ̀ mí létí, èmi yìí sì ni Gbogboǹṣe. Mo ní mo ti gbéra tipẹ́, mo ní mo ti kọjá afárá. Ó ní òun ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo fò sílẹ̀, mo ti orí bọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di bùrùrùrùrù. Irú ọkọ̀ tí mo wà lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀dá kankan kò tíì wà á rí. Mo ya àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, mo fọn fèrè, mo tẹ bíréèkì fún màlúù tó ń sọdá, mo bú ẹni tó ni màlúù, mo tún tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

"Ibo lẹ wá dé báyìí?" ó ní.

"Mo ti wọ àdúgbò yín. Mo ti ń rí géètì."

"Ṣé ẹ ti ń rí èmi náà?"

"Mo ti ń rí ọ kedere, Ìyá wọn. O dúró sẹ́nu ọ̀nà, o pọn ọmọ. O ti sanra o."

Mo tún fi agbára kún un kí n fi parí rẹ̀. Èémí mi tán. Mo dákẹ́ kí n lè mí.

Ẹ́ńjìnnì kò dákẹ́.

Bùrùrùrùrù ló ń dún lọ, ó jọ̀lọ̀ ju tèmi lọ. Ọkàn mi fò sókè. Mo ní ọkọ̀ ti ṣàánú mi, ó ti jí fúnra rẹ̀ láìsí bátìrì. Mo ní nínú gbogbo irọ́ ayé mi, ọ̀kan ti wá ṣẹ. Mo fọwọ́ kan irin. Ó tutù rinrin. Mo wá yíjú sẹ́yìn.

Ìyàwó mi ló dúró sínú géètì. Ariwo mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ìgbà tó ṣí i. Àpò rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì di òpó géètì mú kí orúnkún rẹ̀ lè sinmi. Eruku bọ́ọ̀sì wà ní etí ìró rẹ̀. Kò pọn ọmọ kankan. Ètè rẹ̀ ló ń gbọ̀n, bùrùrùrùrù. Ó wà á tán, ó rọra gbé e dúró, ó nu ẹnu, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ láti inú fóònù, bẹ́ẹ̀ bí mo bá na ọwọ́ díẹ̀ sí i, ǹ bá kàn án.

"Bàbá wọn, kò sí ọmọ tó ń sunkún níbí o. Ta lẹ ṣì ń wa ọkọ̀ fún?"

Mo la ẹnu. Mo wá irọ́ kan nínú rẹ̀, n ò rí. Lókè ògiri, télọ̀ ti gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń dúró de èsì mi. Mo ju fóònù sínú ẹ́ńjìnnì, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé, mo fo ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo sì fi eré sí i. Eré tí mo sá, òjìji mi kò tíì bá mi. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tó ń fi gbogbo ohùn pè mí padà, mo gbọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn ilé. Ètè mi wú, ọwọ́ mi dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì mi ti ya, inú mi sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n fi jọba, nítorí ó ti pẹ́ tí n ò ti rí ẹni sá fún nínú ilé yẹn.