Ààrò Ìyá Oníbúrẹ́dì Dé Kòtẹ́milọ́rùn

“Nítorí náà, ilé ẹjọ́ yìí pàṣẹ pé kí olùjẹ́jọ́ wó ààrò rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ náà,” ni adájọ́ wí, ó sì pa fáìlì dé bí ẹni pa ìdérí ìkòkò dé.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò tètè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Láti ìgbà tó ti dáyé, ta ló pè é ní olùjẹ́jọ́ rí? Ó tẹ̀ sí etí lọ́yà rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò ju àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ. “Ọmọ mi, ṣé àwa la borí?”

Lọ́yà mi orí. “Rárá, Màmá. Wọ́n dá a fún wọn.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn wọn. Onílé-ìtura ni. Òun ló kọ́ ilé ìtura alájà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì, òun náà ló tún pe ẹjọ́ pé ilẹ̀ tí ààrò wà lórí rẹ̀, ti òun ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń wá: àwọn àlejò rẹ̀ kò ríbi gbé mọ́tò sí. Ilẹ̀ tí ìyá yìí àti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé rà kí àwọn ọmọ wọn tó mọ̀ ọ́n rìn, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ ààrò lé, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló jẹ́ lójú tirẹ̀. Bí ààrò yẹn bá lọ, oúnjẹ lọ nìyẹn. Iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń bá a po fúláwà náà lọ. Orúkọ rẹ̀ pàápàá lọ, nítorí kí ni wọn yóò máa pe oníbúrẹ́dì tí kò ní ààrò?

Nígbà tí wọ́n jáde síta, ọkùnrin náà kò jẹ́ kó sinmi.

“Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ kú wàhálà o! Ẹ lọ máa ta omi tútù. Omi kò nílò ààrò.”

“Búrẹ́dì mi ló wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó o fi ń bú mi yẹn,” ni ìyá fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omijé ti kún ojú rẹ̀.

“Ẹ má bínú, Mà. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló fojú rí i. Èmi ni mo mú un yí ilẹ̀ náà ká, èmi ni mo fi ààlà hàn án. Ohun tí ojú bá rí, ẹnu kò lè sẹ́ ẹ.”

Lọ́yà ti ń lọ síbi mọ́tò. Ó dúró gbọn-in, ó sì yí padà.

“Màmá, lọ́jọ́ tí adájọ́ wá wo ilẹ̀, níbo lẹ wà?”

“Wá wo ilẹ̀ wo? Èmi ò rí adájọ́ kankan.”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé ó ń bọ̀?”

“Bí wọ́n bá sọ fún mi, ṣé mi ò ní í gbálẹ̀ dè é ni?”

“Wọn ò sọ fún èmi náà. Ó sì kà á síta lónìí pé ojú ara òun ni òun fi rí ààlà. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ.” Lọ́yà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bá ọkọ́. “Màmá, ẹ nu ojú yín. A ń lọ sí kòtẹ́milọ́rùn.”

Inú Télọ̀ kò dùn sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àbúrò Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, ojora rẹ̀ sì pọ̀ ju òwú inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ̀yin tún fẹ́ ti méjì bọ̀! Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní igun kan.”

“Kí n lọ bẹ ẹni tó gba ilẹ̀ mi pé kó yá mi ní igun nínú rẹ̀? Télọ̀, abẹ́rẹ́ ti gún ọ lórí ni?”

Lọ́yà kò fi nǹkan falẹ̀. Ó gba àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ààrò títí ẹjọ́ kejì yóò fi parí. Ó wá jókòó sórí àpò fúláwà, ó ń là á yé ìyá.

“Adájọ́ mẹ́ta ló ń jókòó níbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tó ń búra. Wọn kò ní í po fúláwà tuntun, Màmá. Búrẹ́dì tí adájọ́ àkọ́kọ́ ti yan ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò, bóyá ó jinná, àti bóyá ó pò ó bó ṣe yẹ.”

“Ó yé mi. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?”

“Àwa lọ́yà ni.”

Èyí kò wọ ìyá létí. Ilé tí wọ́n ń pè ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn! Bí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn kò bá la ẹnu sọ ọ́, ta ni yóò mọ̀? Bó ṣe ń po fúláwà ló ń fi í kọ́ra: “Kò tẹ́ mi lọ́rùn!” Àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìyá wa, ẹ tún fohùn sí i! Adájọ́ mẹ́ta ni, ohùn kékeré kò ní í kárí wọn.”

Ó pẹ́ o. Ẹjọ́ kì í sáré. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti ń sá kiri, ó ti ń ji búrẹ́dì jẹ, kó tó kàn wọ́n.

Ilé ẹjọ́ náà tutù, àga rẹ̀ sì ga débi pé ẹsẹ̀ ìyá kò kanlẹ̀. Obìnrin ni adájọ́ tó jókòó láàárín, ó gbé gíláàsì lé imú. Lọ́yà sọ ti ẹnu rẹ̀, kò pariwo. Agbẹjọ́rò Onílé-ìtura wá dìde, bàbá arúgbó olóhùn ńlá kan.

“Olúwa mi, adájọ́ lọ wo ilẹ̀, ó rí ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í purọ́.”

“Ta ló mú un yí ilẹ̀ náà ká?” ni adájọ́ obìnrin béèrè.

“Oníbàárà mi wà níbẹ̀, Olúwa mi.”

“Màmá yìí ńkọ́?”

Bàbá wú ikọ́. “Olúwa mi, màmá… kò ráyè wá.”

“Ta ló pè é tí kò ráyè?”

Ara Ìyá Oníbúrẹ́dì kò gba irọ́ yẹn mọ́ra. Ó fò dìde, ó sì fi gbogbo agbára ké e: “Kò tẹ́ mi lọ́rùn!”

Ẹ̀rín gba ilé. Akọ̀wé kóòtù ń pariwo pé kí wọ́n dákẹ́, òun alára ń fi fáìlì bojú rẹ́rìn-ín. Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ àga.

Adájọ́ obìnrin yọ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. “Ẹ jókòó, Mà. A ti gbọ́. Nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ ilé yìí.”

Nígbà tí ọjọ́ ìdájọ́ pé, ìyá di ọwọ́ Lọ́yà mú bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò. Obìnrin yẹn náà ló kà á.

“Àwọn àgbà ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A kò pe adájọ́ àkọ́kọ́ ní òṣìkà. Ohun tí a wí ni pé kò gbọ́ ẹnu ẹni méjèèjì lórí ilẹ̀ náà. A yọ ohun tó lọ wò kúrò nínú ẹjọ́, a wá gbé ìyókù yẹ̀ wò. Ẹni tó pe ẹjọ́ ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, kò sì sí nǹkan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. A fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́, a sì da ẹjọ́ rẹ̀ nù. Kí ààrò dúró sí ibi tó wà.”

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá òun borí. Ó dìde, ó gbé Lọ́yà mọ́ra, ó sì ń fi í jó níbẹ̀, aṣọ dúdú ọmọ náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ àkùkọ. “Èmi rèé o! Ọlọ́jọ́ òní, mo dúpẹ́ o!” Akọ̀wé kóòtù wo ibòmíràn, kò rí nǹkan kan.

Onílé-ìtura gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójú ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀ sẹ́nu fóònù kí wọ́n lè gbọ́. “Kò tíì tán. Kóòtù kan ṣì wà lókè èyí.”

Télọ̀ ló kọ́kọ́ sá wọ mọ́tò. Nínú mọ́tò, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti borí báyìí, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìwọ̀nba kó lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀.”

Ìyá ń wo ìta lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójijì ó fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dúró níbi oníbíríkì yẹn.”

“Kí lẹ fẹ́ fi bíríkì ṣe?” ni Télọ̀ béèrè.

“Àwọn oníbàárà ti ń pẹ́ jù lórí ìlà láràárọ̀. Mo fẹ́ mọ ààrò kejì.”

“Nísinsìnyí? Bó bá gbé wa lọ sí kóòtù òkè yẹn ńkọ́?”

Ìyá ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kanlẹ̀.

“Kó máa gbé wa lọ,” ló wí. “Méjì ni yóò bá nílẹ̀.”